Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Fóònù Kan Ṣoṣo Kọ́ Kíláàsì Tó Kún

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Yábàá, Múṣin àti Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń bi mí: kọ̀ǹpútà kò tó ní ilé ẹ̀kọ́ wa, iná kò dúró, àwọn ọmọ inú kíláàsì sì pọ̀ ju àga lọ, báwo ni a ṣe fẹ́ fi ẹ̀rọ ayélujára kọ́ wọn? Ìdáhùn mi kì í gùn. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá ti mọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ fi ràn lọ́wọ́. Ohun tó gba àlàyé ni bí ẹ ó ṣe to iṣẹ́ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí sú mọ bọ́tìnì í tẹ̀ dáadáa. Ètò kíláàsì ni ó dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ètò EKOEXCEL ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti mọ bí a ṣe ń ka ẹ̀kọ́ láti ojú ẹ̀rọ. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni bí àwọn ọmọ fúnra wọn yóò ṣe máa yẹ ohun tí wọ́n bá rí lójú ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ní tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju mímọ orúkọ áàpù lọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù wá, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ rí i lọ́wọ́ olùkọ́ pàápàá ní àkókò iṣẹ́. Alábòójútó tó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá tó sì rí yín tí ẹ tẹjú mọ́ fóònù kò ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́. Ohun tí yóò rò ni pé ẹ ń tàkùrọ̀sọ lórí WhatsApp. Nítorí náà, ẹ kọ fóònù náà sínú lesson note yín, lábẹ́ ohun èlò ìkọ́ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ káàdì àti àwòrán, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bu ọwọ́ lù ú kí ọjọ́ náà tó pé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò:

- Bátìrì kún, páwà báńkì sì wà nínú báàgì.
- Ẹ ti kó fáìlì ẹ̀kọ́ sínú fódà tirẹ̀, kí ẹ má baà máa wá a láàárín àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ.
- Ẹ ti tan Airplane mode, tó ń dá ìpè, ìránṣẹ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì dúró. Ìránṣẹ́ àwọn ayánilówó orí fóònù kì í mọ ìgbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́, ọmọ tó wà ní ìjókòó iwájú sì mọ̀wé kà.
- Spíkà kékeré wà, bí kíláàsì bá tóbi. Ohùn fóònù lásán kì í dé ìjókòó ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí ojú fèrèsé bá kọjú sí títì.
- Ẹ ti gba ìyọ̀ǹda òbí, bí ẹ bá máa ya àwòrán àwọn ọmọ tàbí gba ohùn wọn sílẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ẹni ní Nàìjíríà, ìyẹn Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023, sọ pé òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ń fúnni ní irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ dípò ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀lé

1. Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan tó máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ yín lọ́dọọdún. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí áàpù tí ẹnì kan yìn fún yín. Bí ó bá jẹ́ ìlù àti ijó ìbílẹ̀ ni, bí ó bá jẹ́ bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ni, ẹ kọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ná.

2. Ẹ bi ara yín ní ohun tí fóònù lè ṣe nínú ẹ̀kọ́ náà tí pátákó kò lè ṣe. Mẹ́ta ni mo mọ̀ tó sábà máa ń wúlò: kí a gbọ́ ohùn, kí a rí ohun tó ń rìn, kí a sì wádìí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún ẹfun àti pátákó.

3. Ẹ kó ohun tí ẹ nílò jọ láti ilé. Ẹ tẹ *323# kí ẹ mọ iye dátà tó kù, kí ẹ tó fọwọ́ kan fídíò, nítorí pé fídíò ń jẹ dátà gan-an, ṣùgbọ́n ohùn lásán kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń jẹ́ kí ẹ gbé odindi Wikipedia sórí fóònù kí ẹ lè máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì ti èdè Yorùbá kéré púpọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Bí olùkọ́ kan bá ti gba fáìlì sílẹ̀, ó lè fi Xender tàbí Bluetooth fún àwọn tó kù láìná kọ́bọ̀ lórí dátà.

4. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé pẹ̀lú Airplane mode ní títàn. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ báyìí yóò ṣiṣẹ́ ní kíláàsì. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò, kí ẹ má sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ lè dára ju ti ilé lọ.

5. Ẹ pín kíláàsì. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Fóònù kan kò lè yí ká àádọ́ta ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ bá sì gbé e sókè níwájú, àwọn ìlà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni yóò rí nǹkan. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ọ̀wọ́ kan á wà nídìí fóònù, òmíràn nídìí ìwé ẹ̀kọ́, òmíràn nídìí àwòrán ilẹ̀ tàbí káàdì, àwọn tó kù á máa kọ ohun tí wọ́n ti rí. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ni kó máa di fóònù mú, ọmọ kan ni kó máa kà, ọmọ kan ni kó máa kọ. Bí ẹ kò bá pín iṣẹ́ yìí, ọmọ tí fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ni yóò gbà á mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́, ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí kò sì ní fọwọ́ kàn án títí aago yóò fi lù.

6. Ẹ kọ ìbéèrè sára pátákó kí ẹ tó fi ohunkóhun hàn wọ́n. Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ọmọ tí kò mọ ohun tó ń wá nínú fídíò yóò kàn wò ó bí ẹni ń wo fíìmù ni.

7. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn sínú ìwé kí aago tó lù, kí ẹ sì kọ ìlà díẹ̀ sínú lesson note yín nípa ohun tó gbà yín lákòókò jù. Ohun tí ẹ bá kọ lọ́jọ́ náà ni ẹ ó fi tún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe.

Ẹ̀kọ́ kan tí ẹ lè lò bó ṣe wà: Afárá Third Mainland

Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé àwọn ọmọ Èkó rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ gbólóhùn kan sára pátákó: "Afárá Third Mainland ni afárá tó gùn jù lọ ní Áfíríkà." Ẹ ní kí ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ nawọ́. Ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà tàbí ní agbègbè Adékúnlé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń rí afárá náà lójoojúmọ́, ẹ má ṣe yà lẹ́nu bí gbogbo ọwọ́ bá lọ sókè.

1. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ibi tó ti gbọ́ ọ sínú ìwé rẹ̀: ẹnu òbí, ìwé, rédíò tàbí fóònù. Ẹ má tíì sọ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà.

2. Ẹ pa Airplane mode fún ìgbà díẹ̀, kí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ wá gbólóhùn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì ka ojú ìwé tó bá kọ́kọ́ yọ. Wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kí wọ́n wá ọjọ́ tí wọ́n kọ ojú ìwé náà àti ẹni tó kọ ọ́. Bí wọn kò bá rí i, kí wọ́n kọ "a kò rí i" sílẹ̀, nítorí pé ìyẹn náà jẹ́ èsì.

3. Kí ọ̀wọ́ kejì kúrò lórí ojú ìwé yẹn pátápátá, kí wọ́n lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ. Kí wọ́n má wá orúkọ Third Mainland mọ́. Kí wọ́n wá afárá tó gùn jù lọ ní Áfíríkà. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti pàdé afárá kan ní ìlú Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n ń pè ní 6th October Bridge.

4. Kí ọ̀wọ́ kẹta fi ọdún àti gígùn wọn wéra. Ọdún 1990 ni wọ́n parí Third Mainland, gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Ọdún 1996 ni wọ́n parí ti Cairo, tó lé ní kìlómítà 20.

5. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì: ṣé ẹni tó sọ gbólóhùn orí pátákó yẹn purọ́ ni? Ẹ fún wọn láyè dáadáa níbí. Láìpẹ́, ọmọ kan yóò rí i pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà láàárín ọdún 1990 sí 1996, pé ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, àti pé àwọn tó ń tún un sọ kò padà lọ wò ó.

6. Kí wọ́n tún gbólóhùn náà kọ, pẹ̀lú ọdún àti ibi tí wọ́n ti rí i.

Bí ẹ kò bá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ya àwòrán àwọn ojú ìwé náà láti ojú fóònù yín nílé, kí ẹ kó wọn sínú fódà, kí àwọn ọmọ sì kà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó gbà yẹ àwòrán wò. Ní àkókò òjò, àwòrán ìkún omi máa ń kún orí WhatsApp, ẹnì kan á sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Lẹ́kkí nìyẹn láàárọ̀ yìí, nígbà mìíràn tí àwòrán náà ti pẹ́ tàbí tó jẹ́ ti ìlú mìíràn. Ẹ fi Google Lens wá àwòrán náà, kí ẹ wo ibi tó ti kọ́kọ́ jáde. Kí ẹ tó lo ẹ̀rọ rárá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú lásán wá ẹ̀rí: nọ́ńbà ara ọkọ̀, èdè tí wọ́n kọ sára pátákó ìpolówó, àti ìhà tí ọkọ̀ ń gbà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà bí gbogbo ọkọ̀ inú àwòrán bá ń gba apá òsì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Dubawa àti Africa Check náà máa ń ṣàyẹ̀wò irú ìròyìn báyìí. Ẹ wo ojú ìwé wọn kí ẹ tó pinnu pé ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ tú u wò.

Gbígba ohùn àgbà sílẹ̀

Fún olùkọ́ èdè Yorùbá, kò sí ohun tí fóònù ń ṣe tó dára tó èyí. Ẹ ní kí àwọn ọmọ lọ bá àgbà kan nílé, kí wọ́n ní kó ki oríkì ìdílé wọn fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì fi fóònù òbí gba ohùn náà sílẹ̀.

- Kí ọmọ kọ́kọ́ tọrọ àyè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè gba ohùn yín sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́?" Bí àgbà bá kọ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó sì gbọ́ ọ lásán.
- Kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n sì wọ yàrá tó jìnnà jù sí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Kí wọ́n gbé fóònù lé orí aṣọ tí wọ́n ká, kó súnmọ́ ẹnu àgbà náà ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì. Bí ó bá wà lórí tábìlì lásán, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan tábìlì ni yóò máa dún nínú rẹ̀.
- Kí òbí fi ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe ọmọ.

Ní kíláàsì, ẹ tẹ ohùn náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Gboard, ìyẹn áàpù ìtẹ̀wé ti Google, ẹ tẹ Settings, ẹ lọ sí Languages, ẹ tẹ Add keyboard, kí ẹ sì yan Yoruba. Bí ẹ bá fi ìka tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, àwọn àmì yóò yọ.

Gúrúùpù WhatsApp

Èrò mi lórí èyí le díẹ̀: ẹ má ṣe dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò tilẹ̀ yẹ kó dá ṣí WhatsApp fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti wí. Ti òbí ni kí ẹ dá sílẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

1. Ẹ lọ sí Group permissions, kí ẹ ṣètò rẹ̀ pé alábòójútó nìkan ni ó lè fi ìránṣẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ìpolówó aṣọ òkè àti àdúrà òwúrọ̀ yóò fi bo iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́lẹ̀.
2. Ẹ sọ fún àwọn òbí ṣáájú pé gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù lè rí nọ́ńbà ara wọn. Fún òbí tí kò bá fẹ́ èyí, ẹ lo broadcast list, tó ń fi ìránṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìránṣẹ́ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀.
3. Ẹ má ṣe fi máàkì ọmọ, orúkọ ẹni tó jẹ owó ilé ẹ̀kọ́, tàbí àwòrán ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà síbẹ̀. Láéláé.
4. Ẹ tan Two-step verification ní Settings, lábẹ́ Account. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń pè bí ẹni pé òbí ni wọ́n, wọ́n á ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún wọn. Ẹni tó bá kà á ti gbé WhatsApp rẹ̀ fún wọn nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò sì fi yá owó lọ́wọ́ gbogbo òbí inú gúrúùpù.

Fún òbí tí kò ní WhatsApp, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ gẹ́gẹ́ bí tẹ́lẹ̀.

ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Àwọn ẹ̀rọ tó ń fèsì ìbéèrè bí ènìyàn wọ̀nyí dára fún kíkọ ìbéèrè ìdánrawò, bí ẹ bá ti yanjú ìbéèrè náà fúnra yín kí ẹ tó kọ ọ́ sára pátákó. Ewu wọn ni pé wọn kì í wò bí ẹni tó ń ṣiyèméjì kódà nígbà tí wọ́n bá ṣìnà. Yorùbá wọn ṣì máa ń mẹ́hẹ, àmì ohùn a máa ṣì, wọ́n sì lè hun òwe tí ẹnikẹ́ni kò pa rí. Ẹ fi ìyẹn ṣe ẹ̀kọ́: ẹ ní kó kọ òwe mẹ́wàá, kí ẹ kọ wọ́n sára pátákó, kí àwọn ọmọ sì kó wọn lọ bá àgbà nílé láti mọ èyí tó jẹ́ òwe gidi. Ẹ má ṣe tẹ orúkọ, máàkì tàbí ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ kankan sínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífi gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kọ́ kan lọ́sẹ̀ tó fún táàmù àkọ́kọ́.
- Fífi fídíò gígùn hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kan ọ̀rọ̀, kí ẹ dá a dúró, kí ẹ béèrè ìbéèrè.
- Níní kí àwọn ọmọ "lọ wò ó lórí Google" nílé, nígbà tí àwọn kan kò ní fóònù nílé. Àwọn tó ní yóò da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, àwọn tí kò ní yóò sá fún kíláàsì lọ́jọ́ kejì.
- Ríra ẹ̀rọ olówó ńlá ní Computer Village ní Ìkẹjà kí a tó mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Bí iná àti dátà kò bá sí rárá

Ẹ lè kọ́ àwọn ọmọ girama àgbà ní ohun tí UTME, ìdánwò ìwọlé yunifásítì ti JAMB, ń béèrè láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì, bọ́tìnì mẹ́jọ sì ti tó láti fi ṣe gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sí ìbéèrè tó ṣáájú, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R sì wà fún ẹni tó bá tẹ S tó tún fẹ́ padà.

1. Ẹ gé páálí kí ẹ sì ya gbogbo lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà sí i bí wọ́n ti tò gan-an, kì í ṣe mẹ́jọ yẹn nìkan, nítorí pé wíwá wọn láàárín àwọn tó kù ni ó ń dá ọmọ dúró.
2. Ẹ fi àwọ̀ mìíràn kun mẹ́jọ náà.
3. Ẹ ka ìbéèrè sókè, kí ọmọ tẹ ìdáhùn lórí páálí, kí ẹnì kejì rẹ̀ máa kọ ohun tó tẹ̀ sílẹ̀.
4. Nígbà tí ojú wọn bá ti là, ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan náà, kí ẹ tún un ṣe.
5. Bí kọ̀ǹpútà kan bá wà ní ọ́fíìsì, ẹ bẹ ọ̀gá kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó sídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìdánwò tó dé.

Bọ́tìnì S ni kí ẹ kìlọ̀ fún wọn lé lórí jù. Kí ọmọ tó tẹ̀ ẹ́, kí ó kọ́kọ́ wo iye ìbéèrè tí kò tíì dáhùn.